Dígí Tó Rí Àrùn Kí Àrùn Tó Dé

Ìkòsí, lọ́nà Ìkòròdú

Múnírátù, Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo bí tí mo fi ń yangàn láàárín àwọn ìyàwó ilé,

Mo kí ọ. Bàbá rẹ kí ọ. Ìyá Ńlá náà kí ọ, wọ́n ní kí o má jẹ́ kí oúnjẹ Ìbàdàn mú ọ gbàgbé oúnjẹ ilé. Ewúrẹ́ tó jẹ gèlè rẹ lọ́jọ́ tí ò ń lọ ṣì wà láàyè, bí mo ṣe ṣépè fún un tó.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Awakọ̀ bọ́lẹ̀kájà ló mú un wá bá mi níbi òkúta Máìlì Méjìlá, níbi tí mo dúró sí kí wọ́n lè bá mi gbé àpò gàrí sókè. Sùúrù mi ò gbé e délé. Mo jókòó lórí àpò gàrí níbẹ̀, mo já a, mo sì kà á. O mọ̀ pé ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí wọ́n tó ní obìnrin tó bá mọ ìwé jù kì í rí ọkọ fẹ́, ṣùgbọ́n ìwé mẹ́rin ayé ìgbà yẹn, kì í ṣe ẹgbẹ́ ìwé mẹ́rin ayé tiyín. Gbogbo ohun tí o kọ ló yé mi.

O ní wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ ní ọsibítù ńlá Ìbàdàn. Alihamudulilahi. O ní ilé tí ò ń sùn dára, omi ẹ̀rọ wà nínú ọgbà. Ṣùgbọ́n o ní wọn ò fi ọ́ sí wọ́ọ̀dù tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń dé fìlà funfun, tí aláìsàn ti ń pè wọ́n ní Síísítà. O ní yàrá kékeré kan lẹ́yìn ni wọ́n fi ọ́ sí, tó ń rùn fún oògùn, kí o máa pa dígí pẹlẹbẹ láró, kí o sì máa fi ẹ̀rọ tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo ohun tí wọ́n ha lára àwọn obìnrin. O ní o kì í rí aláìsàn sójú, kò sì sí ẹni tí ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. O ní o lè wo dígí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú kí o má rí nǹkan kan nínú wọn. O wá ní bí oṣù yìí bá parí, o fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí o wá máa kọ́ ọmọ ilé ìwé ní Kétu.

Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni omi bọ́ lójú mi. Awakọ̀ náà bi mí pé ṣé kò sí o, mo ní kó máa wa mọ́tò rẹ̀ lọ.

Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí a fi pamọ́ fún ọ. O wà nílé ẹ̀kọ́ ní Abẹ́òkúta nígbà tó ṣẹlẹ̀, ìdánwò rẹ ń bọ̀, bàbá rẹ sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe da ọkàn rẹ rú. Nígbà tí o fi máa parí, ọ̀rọ̀ ti tutù, ẹnu mi sì wúwo. Lónìí ni n ó sọ ọ́. Bí o bá wà lẹ́nu iṣẹ́, fi lẹ́tà yìí sápò títí o ó fi délé, nítorí ó gùn, mo sì mọ̀ ọ́, wàá sunkún. Ojú tó bá ń sunkún kò lè wo dígí.

N ó bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀gbọ́n mi Sàbítíyù, ẹni tí o máa ń pè ní Ìyá Ajégúnlẹ̀ nítorí pé ọkọ ẹbá odò ni wọ́n fẹ́, àwọn tó máa ń gbé ẹja gbígbẹ wá fún ọ nígbàkúùgbà tí o bá ti gba ọlidé. O mọ̀ pé wọ́n ti kú. Ibà la sọ fún ọ pé ó pa wọ́n. Kì í ṣe ibà rárá. Nǹkan oṣù wọn ti dá dúró, wọ́n ti gbàgbé pé àwọn ṣe é rí, àfi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Wọn ò sọ fún ẹnì kankan. Ìró méjì ni wọ́n ń ró lórí ara wọn. Wọ́n ń kun lọ́fínńdà débi pé bí wọ́n bá ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ odò, imú á ti mọ̀ kí ojú tó rí wọn. Èmi gan-an fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ọkọ tuntun ni wọ́n ń wá. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ẹnu mi ò dára.

Ọdún yẹn ni omi kún dé àjà ní Ajégúnlẹ̀. Wọ́n di ẹrù wá sọ́dọ̀ wa ní Ìkòsí, èmi àti àwọn jọ ń sùn lórí ẹní kan. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ òórùn tí lọ́fínńdà ń bò. Mo pariwo mọ́ wọn, wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n ní ojú ń ti àwọn. Ọjọ́ kejì la gbé wọn lọ sí ọsibítù kan ní Èkó. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, ó jáde, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní jẹjẹrẹ ni, ẹnu ilé ọmọ ló wà, ó sì ti tàn kálẹ̀. Ó ní a ti pẹ́ jù. Omi ò tíì fà tán nínú ilé wọn ní Ajégúnlẹ̀ tí wọ́n fi dágbére fáyé.

Nítorí náà, èkínní nínú ìmọ̀ràn mi, má ṣe jẹ́ kí ìtìjú di ìmùlẹ̀ láàárín ìwọ àti àìsàn. Bí nǹkan kan bá ń ṣe ọ́ lábẹ́ aṣọ, sọ ọ́. Bí o ò bá lè sọ ọ́ fún àwọn ará ibẹ̀, wọ ọkọ̀ wá bá mi. Ohun tí o ró ìró méjì lé lórí kò ní torí ìyẹn lọ. Bí ìwọ náà bá sì rí obìnrin tó ń kun lọ́fínńdà jù, fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀, jókòó tì í.

Dókítà tí mo ń sọ yìí, obìnrin ni, ọmọ Ẹ̀gbá, ọjọ́ orí wọn ò ju ti àbúrò mi lọ, ohùn wọn sì rẹlẹ̀. Lọ́jọ́ tí a lọ gbé òkú ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n bi mí pé àwọn obìnrin mélòó ló wà nílé wa tí wọ́n ti bímọ. Wọ́n ní kí gbogbo wa wá, àwọn fẹ́ yẹ̀ wá wò. Mo ní ara wa le, kí ni ẹni tí ara rẹ̀ le ń wá ní ọsibítù? Wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò tíì gbàgbé.

“Màmá, ẹni tí kò tíì ṣàìsàn gan-an ni mò ń wá. Ẹni tó bá ti ń ṣàìsàn ti fẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.”

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn yẹ̀ wò títí mo fi délé. Látìgbà tí mo ti dáyé, mi ò gbọ́ ọ rí pé oníṣègùn ń wá ẹni tí kò ṣàìsàn. Àwọn àgbà ní òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. À ń fi ẹnu pa òwe yẹn lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń ṣe é?

Bàbá rẹ ò fẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá gbé ara líle lọ sí ọsibítù, àìsàn ló lọ gbé bọ̀. Ìyá Ńlá ló dá ẹjọ́ náà. O mọ̀ pé ìyáálé mi kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Àwọn ló ṣáájú nígbà tí a wẹ òkú ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n mọ ohun tí ojú wọn rí. Wọ́n sọ fún bàbá rẹ pé àwọn ń lọ, àwọn sì ń mú ìyàwó àwọn dání, bí bàbá rẹ bá fẹ́, kí wọ́n lọ sùn síwájú bọ́lẹ̀kájà. Bàbá rẹ bínú jáde. Bí a ṣe rí ọ̀nà lọ nìyẹn.

Ibi tí wàá ti rẹ́rìn-ín ló kù báyìí, Àbẹ̀kẹ́, rẹ́rìn-ín dáadáa, torí ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ju ẹ̀rín lọ.

Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Obìnrin ilé wa kì í jáde lọ pàdé àjèjì láìwẹ̀ mọ́, ká má tíì sọ àjèjì tó fẹ́ wo ibi tí ìyá tó bí i pàápàá ti gbàgbé. Ìyá Ńlá ní kò sí ẹni tó máa jókòó ní Èkó sọ pé ìyàwó ilé àwọn ò mọ́ tónítóní. Kí a tó kírun àárọ̀ ni wọ́n ti gbé omi kaná. Ọṣẹ dúdú, ọsàn wẹ́wẹ́ tí a fún sómi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, àti álọ́ọ̀mù tí wọ́n pò mọ́ ọn, bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ìyàwó tó ń lọ ilé ọkọ. A ò sì dúró sí ìta ara nìkan, a fọ inú lọ́hùn-ún. Ó ta wá débi pé mo ń fò sókè bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ. A wọ aṣọ ọdún, a gun bọ́lẹ̀kájà, a ò lè jókòó dáadáa lórí pákó. Àwọn èrò ń bi wá pé ọmọ ta ni wọ́n fẹ́ sọ lórúkọ.

Ohun tí dókítà ṣe ò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Irin tutù kan, igi pẹlẹbẹ kékeré kan tí wọ́n fi ha ibẹ̀ fẹ́ẹ́, wọ́n fi ra dígí pẹlẹbẹ kan tí ò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, wọ́n sì tì í bọ inú omi tó ń ta sí imú. Wọ́n ní ká máa lọ. Gbogbo ẹ̀rù tó ti bà mí, ó wá dà bí ẹni pé mo fi dá ara mi lágara lásán.

Nígbà tó yá, wọ́n ránṣẹ́ sí wa pé dígí méjèèjì ṣófo, kò sí ohun tí a lè kà nínú wọn, ká padà wá.

Háà. Ilé wa gbóná. Bàbá rẹ ní Ọlọ́run ti dáhùn, wọn ò bá nǹkan kan, kò sí àìsàn, kí ẹnikẹ́ni má padà síbẹ̀. Ìyá Ńlá ní wọ́n bú àwọn. Èmi, o mọ̀ mí, mo gun ọkọ̀ gàrí lọ sí Èkó fúnra mi láti lọ sọ tẹnu mi. Mo bi dókítà bóyá igi ni wọ́n rò pé èmi jẹ́, tí wọ́n ha mí tí wọn ò bá nǹkan kan. Wọ́n jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán. Wọ́n wá rọra bi mí pé kí ni a ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà kí a tó wá. Mo fi ìgbéraga ka gbogbo rẹ̀ fún wọn, látorí ọṣẹ dórí álọ́ọ̀mù. Wọ́n gbé orí lé tábìlì. Mo rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ni. Nígbà tí wọ́n rí ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

“Màmá, ẹ ti fọ ẹ̀rí dànù. Bí ẹ ṣe ń bọ̀ láti oko gan-an ni kí ẹ wá bá mi.”

Kọ ìyẹn sórí àyà rẹ, Múnírátù. Bí dígí òfìfo bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, má ṣe pòṣé kí o gbé e sọnù. Ẹni tó wà lẹ́yìn dígí yẹn lè jẹ́ obìnrin tó bọ̀wọ̀ fún ọ débi pé ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ jó ara rẹ̀. Bẹ ọ̀gá rẹ kí wọ́n máa sọ fún àwọn obìnrin tẹ́lẹ̀ ní Yorùbá tó dán pé kí wọ́n má fọ inú, kí wọ́n má sì ti oògùn kankan bọ̀ ọ́. Kí wọ́n má kàn kọ ọ́ pé padà wá, kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀. Ṣé o rí i, bàbá rẹ ti gba dígí tó ṣófo fún dígí tó mọ́. Àwọn méjèèjì ò jọra rárá. Bí mo bá gbọ́ tiwọn lọ́jọ́ náà, n bá ti wà lábẹ́ ilẹ̀ báyìí, tàbí lójú ọ̀nà rẹ̀.

A padà lọ. Ti Ìyá Ńlá mọ́, wọ́n sì fi yangàn fún wa títí ó fi sú wa. Èmi ni dókítà ní kí n wá rí àwọn, kí n má bẹ̀rù.

Wọ́n mú mi lọ sí yàrá kan lẹ́yìn. Àbẹ̀kẹ́, bí o ṣe júwe tìrẹ nínú lẹ́tà náà ló ṣe rí, pẹ̀lú òórùn rẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ awò jókòó níbẹ̀, ó sún fún wa, kò gbójú sókè. Wọ́n ní kí n di ojú kan, kí n fi ìkejì wo inú ẹ̀rọ.

Lákọ̀ọ́kọ́, ìpéǹpéjú ara mi ni mo ń rí. Nígbà tó yá, ibẹ̀ là. Àwọ̀ aró ni, àwọ̀ osùn ni, wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ lọ títí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dà bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ sínú àgbada, funfun rẹ̀ fẹ̀, pupa rẹ̀ kéré ní àárín. Dókítà ní àwọn wọ̀nyẹn ni èyí tó dáa, bí ara mi ṣe rí nìyẹn. Wọ́n wá fi ọwọ́ kan dígí náà, ó yí díẹ̀. Mo rí àwọn kan tí wọ́n ṣù jọ. Pupa àárín wọn ti wú, ó ti dúdú, etí rẹ̀ rí gbágungbàgun, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo funfun ẹyin náà tán. Kò sí ẹni tó sọ fún mi kí n tó mọ̀ pé àwọn yẹn ò dáa.

Dókítà ní, “Àmì nìyẹn. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ohun tí jẹjẹrẹ lè tara rẹ̀ jáde lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni, bí a bá fi í sílẹ̀.”

Mo ti rí òkun l'Ékòó. Mo ti rí ọkọ̀ òfuurufú tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìkẹjà lórí oko ẹ̀gẹ́ wa, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn ketekete, tí gbogbo Ìkòsí sá jáde. Mo rò pé mo ti rí ohun ìyanu tán. Mi ò rí nǹkan kan. Ara tí mo gbé lọ oko, tí mo gbé lọ ọjà, tí mo fi bí ọ, ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kò sọ fún mi. Kò dùn mí, kò yún mi. Ẹnì kan wá fi aró kùn ún, ó sì rí i, kí àìsàn fúnra rẹ̀ tó mọ̀ pé òun ń bọ̀. Subuhanalai. Mo ní Ọlọ́run yìí tóbi ju bí mo ṣe ń pè é lọ, tó fi kọ irú ìwé kékeré bẹ́ẹ̀ sínú ara, tó sì fún èèyàn ní ojú tó lè kà á.

Mo wá rántí ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà kan, tiwọn náà á ti rí báyìí, kékeré báyìí, lásìkò tí wọ́n ń gbé ẹja wá fún ọ, tí wọ́n ń jó lágbàlá wa. Ẹnì kankan ò wò ó. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá yẹn, mo sunkún. Kékeré la ti í pa ẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Dókítà ní àwọn máa gé ibi kékeré tí àmì náà wà kúrò, ilé ọmọ á wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ mi gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ogun tó le jù nìyẹn. Bàbá rẹ ní ẹni tí nǹkan kan ò dùn ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀bẹ kàn? Mo bẹ̀ wọ́n. Ìyá Ńlá pariwo. Mo pe àwọn àbúrò wọn, bàbá rẹ ní kí kálukú lọ ilé rẹ̀. Wọn ò jẹ oúnjẹ mi mọ́. Mo ń bínú, àfi ìgbà tó yé mi pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkú jáde ní ọsibítù yẹn ni, wọn ò fẹ́ kí n wọlé síbẹ̀ kí n má jáde. Ọjọ́ tí dókítà dá sì ti ń sún mọ́lé. Mo rí i pé bí mo bá ń bẹ̀bẹ̀ báyìí, ọjọ́ á kọjá. Mo sọ fún wọn pé mi ò bẹ̀ wọ́n mọ́ kí wọ́n gbà, kí wọ́n ṣáà bá mi lọ wò ó.

Wọ́n lọ. Wọ́n wọ agbádá funfun, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Dókítà fi èyí tó dáa hàn wọ́n, ó sì yí i sí ìkejì. Nígbà tí bàbá rẹ nàró, wọ́n ṣí fìlà lórí, àwọn tí kì í ṣí fìlà fún ẹnì kankan. Nínú ọkọ̀, wọ́n gbé fìlà náà lé orúnkún. A kọjá Yábàá, a kọjá ọ̀nà Ańtónì. Ìgbà tí a sọ̀ ní Kétu ni wọ́n tó yíjú sí mi.

“Ìyá Múnírà, ohun tí Ọlọ́run bá fi han èèyàn, tí èèyàn bá ní òun ò rí i, ẹ̀ṣẹ̀ ni.”

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n lọ tẹ̀ka. Wọ́n ṣe é fún mi, mo sùn, mo jí. Ó ro mí fún ìgbà díẹ̀. Bàbá rẹ fúnra wọn ló ń pọn omi tí mo fi ń wẹ̀, má sì sọ fún wọn pé mo sọ fún ọ. O dé fún ọlidé, o ní Màmá, ẹ rù, mo ní ààwẹ̀ sunnah ni mò ń gbà.

Èyí ni mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ ọkọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí o ní ó ń kọ̀wé sí ọ, mi ò bi ọ́ pé ọmọ ta ni. Ṣùgbọ́n má ṣe fẹ́ ẹni tó bá ń gba gbogbo ohun tí o bá sọ láìwò ó, má sì fẹ́ ẹni tó máa kọ̀ ọ́ láìwò ó. Èyí tí kò bá yé e, tó sì bá ọ lọ wò ó, òun ni kí o mú wálé.

Ti iṣẹ́ rẹ wá kù. Má ṣe wo dígí nígbà tí oorun bá ń kùn ọ́. Jẹun kí o tó lọ. Bí ohun tí o rí bá ṣe ọ́ ní kọ́núnkọ́họ, pe ẹni tó jù ọ́ lọ, má fi ojú ara rẹ nìkan dájọ́, má sì jẹ́ kí ojú tì ọ́ láti pè wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rọ̀ obìnrin tí o bá rí nínú dígí, kó má bá ọ dé yàrá ìdáná.

O ní ọ̀pọ̀ wọn ni kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ṣé ìyẹn ló ń sú ọ? Ìyá Ńlá wà nínú irú ìyẹn. Gbogbo dígí tí o bá wò tó mọ́, obìnrin kan wà níbì kan tó ń ro oko rẹ̀, tó ń bá ọmọ rẹ̀ jà, tí kò mọ̀ pé ẹnì kan ti ṣọ́ ẹ̀yìn òun. O tún ní kò sí ẹni tí ń dúpẹ́. Òótọ́ ni. Ọkùnrin tó wọ awò yẹn, tí kò gbójú sókè, òun ló kọ́kọ́ rí tèmi. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ dòní. Kò mọ̀ pé mo wà láyé. Kò sí ìrun tí mo kí tí n kì í fi orí rẹ̀ bẹ Ọlọ́run. Àdúrà irú mi tó ń lọ lórí rẹ ní Ìbàdàn báyìí, o kò lè kà á, nítorí pé àwọn tó ń gbà á ò mọ orúkọ rẹ.

N kò ní fi ipá mú ọ. Ọmọ ilé ìwé Kétu náà nílò olùkọ́, kò sì sí ẹni tó máa lé ọ bí o bá padà wálé. Ṣùgbọ́n ohun kan kù tó yẹ kí o mọ̀ kí o tó kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ yẹn.

Dókítà sọ fún mi nígbà náà pé irú àmì yẹn lè padà, pé kí n máa wá lọ́dọọdún. Mi ò yẹ̀ ẹ́. Bí ọyẹ́ bá ti lọ, mo ti wà lọ́nà Èkó. Lọ́dún yìí mi ò bá dókítà níbẹ̀, wọ́n ní wọ́n ti gbé wọn lọ sí ibòmíràn. Nọ́ọ̀sì ló ha á. Ó ní kí n ní sùúrù fún èsì, torí pé Ìbàdàn ni wọ́n ń kó gbogbo irú dígí bẹ́ẹ̀ lọ báyìí. Mo bi í bóyá wọ́n á kọ orúkọ mi sí i. Ó ní nọ́ńbà lásán ni. Èsì ò tíì dé, Àbẹ̀kẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Ó lè jẹ́ tábìlì rẹ ló máa gbà kọjá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, o kò ní mọ̀ pé èmi ni, mo sì dúpẹ́ pé o kò ní mọ̀. Wò ó bí ìgbà tí o bá ń wo ti àjèjì. Bó bá mọ́, sọ pé ó mọ́. Bí kò bá mọ́, má ṣàánú mi. Sọ ohun tí o rí, kí wọ́n lè tètè ránṣẹ́ pè mí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àṣàkẹ́